Koríko Òkun Tó Dé Lọ́dún 2011: Ká Tó Pe Àwọn Ará Ìlàjẹ Ní Òpùrọ́

Ọ̀rọ̀ ohùn alákòóso gúrúùpù, alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ohùn kìíní

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kasuwan Barci, ẹ̀yin ará Kakuri, ẹ̀yin ti Sábó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́jà Gumi, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ fojú ọmọ wò mí. Ọ̀rọ̀ mi lónìí gùn díẹ̀, mo sì ti pín in sí ohùn mẹ́fà kó má bàa jẹ dátà yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá tó ń kó edé àti ṣàwá ránṣẹ́ sí wa láti Igbókòdá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ẹrù kò ní í pé. Ó ní koríko ti bo ojú òkun, àwọ̀n kò ṣeé jù. Ó fi fọ́tò méjì tì í. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ tó wà lórí gúrúùpù ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹnìkan ní, "Koríko wo ló ń hù lórí òkun? Ṣé oko ni?" Ẹlòmíràn ní ọgbọ́n àti fi owó lé edé ni. Àǹtí wa kan ní ká gba owó ìṣáájú wa padà, ká yáa gbájú mọ́ bàndá tó ń bọ̀ láti Bàgá, pé ẹja Bàgá kì í pa irọ́. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ti dá ọjọ́ Ẹtì láti dìbò lórí ẹ̀.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ ṣáájú ìbò. Kì í ṣe torí pé èmi ni mò ń mójú tó gúrúùpù. Mo ti dá irú ẹjọ́ yìí rí ni, èmi nìkan ni mo dá a, mo sì dá a gbè. Màá sọ ọ́ fún yín kí n tó parí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn koríko náà. Ohun téèyàn ò bá mọ ibi tó ti wá, irọ́ ló máa ń jọ létí.

Ohùn kejì

Ẹ ṣí fọ́tò kejì tí màmá fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Koríko náà kò ga. Ẹyọ kan rẹ̀ kò ju ohun tí ọwọ́ èèyàn lè dì mú lọ. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó bá ṣì tutù a máa dán díẹ̀ bí oyin. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, etí ewé náà sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Láàárín àwọn ewé yẹn, ẹ ó rí hóró róbótó róbótó tó dà bí èso. Kì í ṣe èso o. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú wọn. Àwọn ló ń gbé koríko náà léfòó, bí kèrègbè ṣe ń gbé ọmọ tó ń kọ́ odò wíwẹ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Sargassum. Oríṣiríṣi ló wà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń di òkúta mú nísàlẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n méjì wà, Sargassum natans àti Sargassum fluitans, tí wọn kì í di ohunkóhun mú láyé wọn. Orí omi ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, orí omi náà ni wọ́n ń gbé títí. Wọn kò ní gbòǹgbò, wọn kò ní irúgbìn tí wọ́n ń gbìn. Bí ìgbì bá já ọ̀kan sí méjì, méjèèjì á máa dàgbà lọ ní tiwọn. Àwọn méjì yìí ló wà nínú ọ̀rọ̀ wa.

Àwa tá a wà lókè níbí, omi tá à ń rí lójoojúmọ́ ni odò Kàdúná. Wọ́n ní ọ̀nì inú ẹ̀ ni ìlú ti gba orúkọ, torí kada ni Hausa ń pe ọ̀nì. Òkun jìnnà sí wa. Ìdí nìyẹn tí bọ̀dá wa kan fi kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé òun mọ koríko náà, pé òun ló dí ọ̀sà lọ́jọ́sí tí ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá. Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tẹ́ ẹ rántí yẹn wọ Bàdágìrì lọ́dún 1984 láti ìhà Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Tútù yọ̀yọ̀ ni, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Omi tí kò níyọ̀ ló ń fẹ́, bíi ti ojú oró àti òṣíbàtà ilé wa. Tó bá wọ inú omi iyọ̀, kíkú ló ń kú. Èyí tí màmá ń sọ, inú iyọ̀ ni ilé rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: tẹ́ ẹ bá rí ewé tútù tó yọ òdòdó, odò ló ti wá. Tẹ́ ẹ bá rí pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní hóró afẹ́fẹ́, òkun ló ti wá. Fọ́tò màmá, hóró ló wà níbẹ̀. Mo kà á.

Ohùn kẹta

Koríko yìí kì í ṣe ọmọ àná láyé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1492, nígbà tí Christopher Columbus ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síhà ìwọ̀ oòrùn, òun àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ já sáàárín ẹ̀. Wọ́n rí akàn kan láàyè nínú rẹ̀, wọ́n bá rò pé ilẹ̀ ti sún mọ́. Ilẹ̀ ṣì jìnnà. Àwọn atukọ̀ Potogí ló fún koríko náà lórúkọ tí gbogbo ayé wá yá lò. Títí dòní, agbègbè kan wà ní àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, ní sàkáání erékùṣù Bermuda, tí wọ́n ń pè ní Òkun Sargasso. Gbogbo òkun tó kù láyé ló ní etí ilẹ̀, èyí nìkan ni kò ní. Ìṣàn omi mẹ́rin ló yí i ká bí ọgbà yí ilé ká. Inú àgbàlá yẹn ni koríko náà ń yí po fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ẹ má rò pé ìdààmú ni níbẹ̀ o. Níbẹ̀, ilé ló jẹ́. Ọmọ ìjàpá òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹyin a máa sá sábẹ́ ẹ̀ kí ẹja ńlá má bàa gbé e mì. Ẹja kékeré kan ń bẹ tí ara rẹ̀ rí bíi koríko náà gẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ àti jákujàku ara rẹ̀. Tó bá dákẹ́ síbẹ̀, o ò ní mọ̀ pé ẹja ni. Àwọn ẹja gígùn bí ejò láti odò Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ń wẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ yé ẹyin lágbègbè yẹn. Láàárín agbami tí kò ní igi tí kò ní òkúta, koríko tó léfòó nìkan ni òjìji tó wà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo etíkun tiwa. Ti Nàìjíríà gùn tó nǹkan bí 853 kìlómítà. Láti Bàdágìrì dé Èkó, títí kọjá Lẹ́kkí, iyanrìn ni, ọ̀sà ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Màhín àti agbègbè ẹ̀, iyanrìn á tán, ẹrẹ̀ ló kù. Tẹ́ ẹ bá tún lọ síwájú, ẹ ó dé ibi tí odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ wọ òkun. Ohun kan wà tí ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọ̀nà yẹn: òkúta. Bẹ́ẹ̀, òkúta ni ọ̀pọ̀ koríko òkun fi ń ṣe ilẹ̀. Kò lè di iyanrìn mú, ìgbì á gbé e lọ. Kò lè di ẹrẹ̀ mú.

Ibi tí òkúta ti pọ̀ létíkun Èkó, ọwọ́ èèyàn ló kó o síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba òyìnbó kó òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí iyanrìn má bàa dí ọ̀nà ọkọ̀. Láti ìhà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé òkúta náà wá. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Ojú irin yẹn náà ló dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tó sọdá Ọya, tó sì gbé bàbá àwọn bàbá wa dé Àríwá níbí. Ó gbé òkúta lọ sínú òkun, ó gbé wa wá sí Kàdúná. Ara òkúta yẹn ni àwọn koríko òkun kéékèèké ti rí nǹkan dì mú.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé bàbá Ìlàjẹ tó ti ń wa ọkọ̀ láti kékeré, tí bàbá ẹ̀ náà wa ọkọ̀, kò rí kí koríko pupa tẹ́ bí ẹní lórí òkun rí. Kò ní orúkọ tó máa pè é. Ewé tó gba oko wa láyé Akíntọ́lá, Akíntọ́lá làwọn bàbá wa sọ ọ́, torí wọ́n ní orúkọ tí wọ́n lè fi dá a mọ̀. Èyí, "koríko" lásán ni wọ́n rí pè é. Ẹ sì gbọ́ "koríko" lórí fóònù, ẹ ní ṣé oko ni.

Ohùn kẹrin

Ọdún 2011 ni nǹkan yí padà. Lọ́dún yẹn, koríko náà ya wọ etíkun àwọn erékùṣù Caribbean ní òdìkejì òkun, ó sì ya wọ tiwa náà, láti Sierra Leone dé Gánà dé Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó retí ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ wọ omi á rí i pé ojú omi ti pupa.

Ìgbà tí nǹkan bá dé tí kò ní ìtàn, ẹni tá a máa dì í rù la máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ wo ti Gánà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa epo rọ̀bì nínú òkun wọn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Jubilee. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni koríko dé. Àwọn apẹja ìwọ̀ oòrùn Gánà ní ẹ̀rọ epo ló fà á. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Epo dé, koríko dé, ẹja wọ́n. Èmi náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ koríko náà, ibi tó jìnnà ló gbé wọn lọ. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ òkun ní Amẹ́ríkà tẹ àlàyé wọn jáde. Wọ́n ní lákòókò òtútù tó wọ ọdún 2009 sí 2010, afẹ́fẹ́ orí àríwá Àtìláńtíìkì ṣe ségesège. Ó fẹ́ le ju ti tẹ́lẹ̀, ó sì gba ìhà gúúsù ju ibi tó máa ń gbà lọ. Ó gbá koríko náà kúrò nínú àgbàlá rẹ̀, ó tì í sí ìlà oòrùn, síhà Gibraltar. Ibẹ̀ ni ìṣàn omi tó ń gba iwájú Mòrókò lọ sí gúúsù ti gbà á, ó sì gbé e dé agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn kì í ti í wọ́n. Ilé tuntun nìyẹn. Omi ibẹ̀ móoru, ìmọ́lẹ̀ wà, oúnjẹ wà: ọ̀rá ilẹ̀ tí àwọn odò ńlá bí Amazon ń gbé wọ òkun, àti èyí tó ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun fúnra rẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ló ń bọ́ ọ jù, àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Ohun tó dájú ni pé ó bí sí i, ó sì tún bí sí i. Láti ibẹ̀, ìṣàn omi tó ń ti ìwọ̀ oòrùn wá sí ìlà oòrùn ń gbé apá kan rẹ̀ gba iwájú Gánà kọjá, ó ń gbé e bọ̀ wá bá wa.

Lọ́dún 2019, Mengqiu Wang, Chuanmin Hu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì South Florida kọ ọ́ sínú ìwé Science. Wọ́n ti wo fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà láti òkè fún ọdún mọ́kàndínlógún, láti 2000 dé 2018. Wọ́n rí i pé láti 2011, koríko náà ti di bẹ́líìtì kan tó na láti etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé ìyawọ̀ omi Mẹ́síkò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, gígùn rẹ̀ tó 8,850 kìlómítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí oníṣòwò: tí tírélà kan bá gbé 30 tọ́ọ̀nù, tírélà tó lé ní 660,000 ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, yunifásítì yẹn náà kéde pé ó ti lé ní mílíọ̀nù 37 tọ́ọ̀nù. Títí dìgbà yẹn, kò tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń kà á.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú, torí màá padà sórí ẹ̀. Wọ́n ní ọdọọdún ni bẹ́líìtì náà ń yọ láti 2011, àfi ọdún kan ṣoṣo. Ọdún 2013. Lọ́dún yẹn, kò jáde.

Ohùn karùn-ún

Kí ló ń ṣe fún apẹja? Mo béèrè, mo sì tún fojú ara mi rí díẹ̀. Àwọ̀n tó yẹ kó gbé ẹja á gbé koríko. Á wúwo débi pé èèyàn mẹ́rin ò ní lè fà á sínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá fi agbára fà á, á ya. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ á lọ́ mọ́ koríko, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á kú sáàárín omi. Èyí tó bá gúnlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gáàsì kan máa ń jáde lára ẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó ń dúdú mọ́ irin, ó ń fún èèyàn lórí fífọ́. Omi tó ti jẹrà sí, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á tán, ẹja ibẹ̀ á kú. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí òkun ní Victoria Island l'Ékòó, èyí tí wọ́n ń pè ní NIOMR, kò dákẹ́ lórí ẹ̀. Lọ́dún 2014, Solarin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí koríko yìí àti ìpalára rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹja nínú omi Nàìjíríà. Kì í ṣe àhesọ o, ó wà lákọsílẹ̀.

Ẹ sì rántí ibi tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, tí gbogbo èèyàn ń wá wò nígbà kan torí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbé pọ̀, òkun ti gba ilé púpọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn tí omi ń lé lẹ́yìn ni koríko tún wá dí lójú.

Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi.

Lọ́dún 2012, kì í ṣe màmá ìsinsìnyí ló ń kó edé fún mi. Màmá kan ni, opó, tó ń gbé létí òkun gan-an. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló ń wa ọkọ̀. Mo ti san ìṣáájú ₦180,000 fún un, owó ńlá ni lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, àjọ mi àti ti ìyàwó mi la pa pọ̀. Ẹrù kò dé. Mo pè, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ má bínú, koríko ló kún òkun." Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú. Mo ní, "Màmá, mo dàgbà ju ọmọ tí wọ́n ń fi irú ìyẹn tàn." Ó ní kí n wá wò ó. Mo ní n kò lówó ọkọ̀ tí màá fi wá wo irọ́. Mo rán ẹnìkan lọ gba owó mi. Ó gbà á wá, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹni tí mo rán sọ fún mi pé wọ́n ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọmọ náà kí owó tó pé. Mo ní ìyẹn ò kàn mí.

Nígbà tó di 2013, mo ti ń rajà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Edé dé dáadáa. Mo bi ẹni náà léèrè pé koríko òkun ńkọ́, ó ní òkun mọ́ kedere lọ́dún yìí. Ṣé ẹ rí i? Mo wá gbé e kiri gbogbo ọjà pé mo wí bẹ́ẹ̀, pé tí koríko bá wà lóòótọ́, ibo ló gbà lọ? Ọ̀pọ̀ yín tẹ́ ẹ wà nínú gúrúùpù yìí gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu mi. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn ará Ìlàjẹ máa ń purọ́ koríko. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, ó rìn, ó rìn, ó padà wá bá mi nílé.

Lọ́dún 2019, ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ń ka nǹkan lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, koríko òkun tẹ́ ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n yà láti òkè ọ̀run yìí." Ó túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé ọdọọdún ni àfi 2013, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ohun tí mo fi ń jẹ́rìí pé màmá purọ́, òun gan-an ló jẹ́rìí pé kò purọ́.

Ohùn kẹfà

Ọdún 2021 ni mo tó lọ. Mo gba Òrè lọ sí Igbókòdá, mo bèèrè, wọ́n mú mi lọ bá màmá náà. Kò sí létí òkun mọ́. Ó ń ta gààrí àti ata lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀ ti fi iṣẹ́ omi sílẹ̀, ó ń gun ọ̀kadà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo kó ₦180,000 sílẹ̀ níwájú ẹ̀, mo ní kì í ṣe gbèsè, owó ìtìjú mi ni. Mo rò pé ó máa ní kí n gbé e, pé ó ti dárí jì mí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù. Màmá gbé owó náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ ìdí aṣọ. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ó wá ku owó ẹ́ńjìnnì." Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ló sọ. Ẹ́ńjìnnì ọdún 2012 àti ẹ́ńjìnnì ọdún 2021 kì í ṣe owó kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń san án. Ó ku díẹ̀ kó tán.

Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbé mi lọ sétí òkun, tí mo rí koríko náà. Mo mú ẹyọ kan, mo fi ìka tẹ hóró ẹ̀, ó dún pọ́. Afẹ́fẹ́ lásán.

Àwọn kan ti ń bi mí bóyá a lè fi koríko náà ṣòwò. Ẹ má kánjú. Ní Mẹ́síkò, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Omar Vázquez ti ń pò ó mọ́ amọ̀ láti 2018, ó ń fi ṣe búlọ́ọ̀kù ilé. Àwọn ìbátan rẹ̀ tó tóbi, tí wọ́n ń gbé nínú òkun tútù, ni wọ́n ti ń yọ nǹkan kan tó ń ki bí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń pè ní alginate. Àwọn tó ń tẹ bátánì sára aṣọ máa ń pò ó mọ́ àwọ̀ kí àwọ̀ má bàa ṣàn. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ láti ìgbà tí KTL ti ṣílẹ̀kùn ní 1957, ẹ mọ bí àwọ̀ tó ṣàn ṣe ń ba òpó aṣọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ti orí omi yìí máa ń fa májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic mọ́ra láti inú òkun. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi bọ́ ewúrẹ́ tàbí kó dà á sẹ́bè ẹ̀fọ́ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbò ọjọ́ Ẹtì. Ìmọ̀ràn tèmi rèé, ẹ sì lè kọ̀ ọ́. Ìkíní, kí màmá ya fídíò, kí ọmọ ẹ̀ gbé koríko náà sọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà, kí á rí hóró. Fóònù tó ti ya fọ́tò lè ya fídíò. Ìkejì, kí á yan ẹnì kan láàárín wa tó ń lọ sí Ìlàjẹ tàbí Òkìtìpupa lóṣù yìí, kó yà síbẹ̀, kó lọ wò ó. Mo ti fi ₦10,000 sílẹ̀ fún owó ọkọ̀ ẹ̀. Ní 2012, owó ọkọ̀ lásán ni mo kọ̀ láti san, mo ṣì ń san ẹ́ńjìnnì di báyìí. Ìkẹta, tó bá jẹ́ òótọ́, kí owó ìṣáájú wa wà lọ́wọ́ màmá títí omi fi máa mọ́, kí àwọn tí ọwọ́ wọn há gba tiwọn nínú àpò àjọ, wọ́n á dá a padà tí ẹrù bá dé. Tó bá jẹ́ irọ́, èmi fúnra mi ni màá lọ gba owó náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ìtàn 2013 mi jẹ́rìí mọ́. Mo ti gbà á padà lónìí, níwájú gbogbo yín.

Ẹni tó bá lóhùn sí i, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ẹ̀yin àgbà, tí mo bá ṣì sọ, ẹ tún un sọ. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ láago méjì òru bíi ti ìjẹta o, ìyàwó mi ti ní òun máa já fóònù yìí. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kírun Jímọ̀ tán, a ó dìbò. Ó dàárọ̀ o.